Máìkì Mi Ń Gbọ́ Gbogbo Orè

Ẹni tó ní kí n ra máìkì kọ́ńdẹ́nsà kò bá mi gbé Orè. Ká ní ó ń gbé ibí ni, tó mọ bí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní ṣe la ìlú já, tó mọ ohùn tí tírélà onígẹdú máa ń mú jáde bó bá fẹ́ yí jíà, ì bá ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi owó náà ra ewúrẹ́. Ewúrẹ́ á ké lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gba igbe ẹlòmíì sílẹ̀ kó tún gbé e fún mi gbọ́.

Gìtá ni mò ń ta. Àbúrò mi kan ń lu ìyáàlù dùndún, ọ̀rẹ́ wa kan láti Odìgbò sì mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ í lù débi pé ṣọ́ọ̀ṣì bí i mélòó kan máa ń jà á gbà lọ́jọ́ Àìkú. A kọ orin kan, ó dùn, a sì fẹ́ gbà á sílẹ̀. Sítúdíò ńkọ́? Sítúdíò ń ka owó ní wákàtí wákàtí, àbúrò mi sì nìyẹn: bí o bá dá aago mẹ́wàá fún un, aago méjìlá ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kọ̀ǹgọ́. Ibi tí a bá jókòó dè é sí yìí, owó ni. Ni àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ní ayé ti dayé kọ̀ǹpútà, pé kí n ra kọ́ńdẹ́nsà olówó pọ́ọ́kú, kí n jókòó sínú yàrá mi, kí n máa gba ohun èlò orin mi sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ó ń gbọ́ ohun gbogbo," ni wọ́n wí. Wọn kò purọ́. Ẹjọ́ tí mo wá rò gan-an nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú orí kọ́ńdẹ́nsà, awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ta wúrà sí lára. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bí i mẹ́fà nínú rẹ̀ ni awọ náà nípọn mọ, ìyẹn bó bá nípọn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò kan ara wọn, iná mànàmáná wà láàárín. Bí ohùn bá ti ba awọ yẹn, àlàfo àárín wọn á yí padà, iná á yí padà, òun ni ẹ̀rọ ń kà sí ohùn. Máìkì tí pásítọ̀ àti alága ìdúró mọ̀, irú Shure SM58 tó ti wà láti 1966, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Awọ tirẹ̀ ru wáyà kíká kan tó ń mì láàárín máágínẹ́ẹ̀tì, ẹrù náà sì wúwo fún un. Ariwo kékeré kò lè jí i lójú oorun. Kọ́ńdẹ́nsà kò ru nǹkan kan. Kí aláǹgbá sáré lórí páànù, ó ti gbọ́.

Òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe é, E. C. Wente ti ilé iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà, ọdún 1916 ló ṣe é. Neumann ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1928. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á nígbà náà, ilé iṣẹ́ rédíò àti sítúdíò ńláńlá nìkan ló ń rà á, ògiri àwọn ilé wọ̀nyẹn sì nípọn. Lónìí, àwọn ará China ti sọ ọ́ di ohun tí tálákà lè rà. Irú èyí tí wọ́n ń kọ BM-800 sí lára kún ọjà. Wọ́n ṣeun. Ohun tí wọn ò tà pọ̀ mọ́ ọn ni ògiri.

Oríta sì ni Orè. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà Òkìtìpupa, ibí ni gbogbo wọn ti pàdé. Bọ́ọ̀sì ńlá tó gbéra l'Ékòó tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, ibí ló ń dúró sí kí èrò jẹun, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n jà sí ṣéńjì. Nígbà ogun abẹ́lé, lóṣù Kẹjọ ọdún 1967, ibí ni wọ́n ti dá àwọn sójà Biafra tó forí lé Èkó dúró. Sójà ṣeé dá dúró ní Orè. Ẹ wá bá mi dá họ́ọ̀nù bọ́ọ̀sì dúró.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, mo pa fáànù, mo lé àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo ta gìtá, orí èmi fúnra mi wú. Mo wá fi hẹ́ẹ́dìfóònù sétí. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ayùn àwọn onípákó. Ohun tó tẹ̀ lé e ni màmá oníbúrẹ́dì tó ń sọ fún oníbàárà kan pé ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó fẹ́ san gbèsè. Àkùkọ. Ọ̀kadà kan tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti já bọ́ láti ayé ológun. Ọmọ kan tó ń ka ìsọdipúpọ̀ méje, tó ń ṣì í kà, tí ìyá rẹ̀ ń nà án, tó tún ń ṣì í kà. Lórí gbogbo wọn, agbèrò gárèèjì: "Oǹdó ku ẹnìkan! Oǹdó ku ẹnìkan, ẹ wọlé ká lọ!" Gìtá mi wà níbẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó wà lábẹ́ wọn níbẹ̀ yẹn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun náà sọ tòun.

Bí olófòófó àdúgbò ni máìkì yìí ṣe ń ṣe. Ohun tí o dúró síwájú rẹ̀ sọ kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún, ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri ló tẹ́tí sí.

Àwọn amòye tún dé. Wọ́n ní kí n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Gbogbo ẹni tó bá sọ yàrá di sítúdíò nílẹ̀ wa, páálí ẹyin ló kọ́kọ́ ń wá. Mo bá lọ bá àwọn aláta àti ẹlẹ́yin lọ́jà, mo kó páálí jọ. Bàbá onílé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Adìẹ lẹ fẹ́ máa sìn nínú ilé mi?"

"Rárá o, bàbá. Orin ni."

"Orin wo ló ń yé ẹyin?"

N kò rí èsì kankan fún wọn, n kò sì tíì rí i di ìsinsìnyí. Nítorí ohun tí páálí ẹyin ń ṣe kéré. Ìwé lásán ni. Ó lè fa ohùn tínrín díẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ohùn kíkẹ̀ tírélà ń gba inú rẹ̀ kọjá láì mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ohun tó ń dá ariwo ìta dúró ni ohun tó wúwo tí kò sì ní ihò, fèrèsé yàrá mi sì nìyí, gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ihò lórí ihò. Ohùn tó ń ta padà lára ògiri inú yàrá, ìyẹn ṣeé pa, àmọ́ ohun tó nípọn tó sì rọ̀ ló ń pa á: kúbùsù, aṣọ òkè tí wọ́n gbé kọ́, fóòmù ibùsùn. Mo bá gbé fóòmù wa dìde, mo fi ti ògiri lẹ́yìn ibi tí mò ń jókòó sí. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní ṣé kí òun wá máa sùn lórí orin ni. Mi ò fèsì torí mò ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ó já gaara, ó dùn ún gbọ́ ju gìtá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta máìkì fún mi (n kò ní dárúkọ ọjà) kò mẹ́nu bà á pé kọ́ńdẹ́nsà kì í ṣiṣẹ́ láìjẹun, pé iná fólítì 48 ló ń jẹ. Fántọ́ọ̀mù ni àwọn onísítúdíò ń pe iná náà. Wáyà tó wà nínú páálí, ó ní kí n ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò láàpútọ́ọ̀pù, ó parí. Mo kì í bọ̀ ọ́. Láàpútọ́ọ̀pù kò ní fólítì 48, ohun tó lè fún un jẹ kò ju fólítì bí i mélòó kan lọ. Ohùn gìtá jáde tín-ín-ín, shíì tó bá a jáde pọ̀ jù ú lọ. Ó di dandan kí n ra sáńdì káàdì tó ní bọ́tìnnì 48 lára, irú Focusrite Scarlett tàbí Behringer UM2. Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà onírin mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ni igi ìdúró máìkì, lẹ́yìn ìyẹn ni àlàyé fún ìyàwó.

Sáńdì káàdì ń gba iná lára láàpútọ́ọ̀pù, láàpútọ́ọ̀pù ń gba iná lọ́dọ̀ àwọn tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ, NẸ́PÀ ń mú iná wá nígbà tó bá wù wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kò jìnnà sí wa, ojú títì márosẹ̀ kan náà ló wà, gáàsì ni wọ́n ń sun níbẹ̀ tí iná fi ń jáde. Ẹni tó bá ń lọ sí Bìní á rí àwọn òpó gíga gíga tó ń gbé iná náà kọjá lórí wa lọ fún ẹlòmíì. A máa ń kí i bó bá ti ń kọjá.

Wọ́n ní kí n tan jẹ́n. Mo tan án, jẹ́n kékeré tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ pé ó fi sàn ju aládùúgbò lọ. Máìkì rí iná jẹ, ó yó, ó sì fi iná náà gbọ́ jẹ́n ketekete. Ẹ bá mi dá a rò: mò ń ra bẹntiróòlù sí ẹ̀rọ kan kí ẹ̀rọ kejì lè rí agbára gba ariwo rẹ̀ sílẹ̀.

Òru ló kù. Aago méjì òru, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, kò sí jẹ́n, kò sí iná NẸ́PÀ tó ń fi ìgbà 50 kùn nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dára, ó dára gan-an, tí kì í bá ṣe ti ìṣọ́ òru. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé sípíkà síta kí Èṣù lè gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, máìkì mi náà gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá fi máa ṣe ààmín ìkẹyìn, ládàánì ti ń múra láti pe ìrun. N kò lè bá Ọlọ́run jà lórí gìtá. Nígbà òjò, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú kòtò ẹ̀yìnkùlé máa ń dákẹ́ bí mo bá ń tún okùn gìtá ṣe. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì pupa báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Òjò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ igbó kìjikìji ni tiwa, abẹ́ páànù la sì ń gbé. Bí òjò bá ti sọ̀, kí olórin lọ sùn. Àní bí kò bá rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wọ awọ tíntìnnì yẹn lára kó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà nínú ohùn. Àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹ má jẹ ẹ́, òun ni mò ń kó sínú àpótí máìkì mi báyìí. Ó wúlò. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Bí mo ṣe ń tọ́jú awọ tó wà láàárín wúrà àti atẹ́gùn báyìí, àbúrò mi wọlé, ó rí máìkì, ó fi ìka lù ú lórí: gbù, gbù. Ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i: fúù. "Hẹ́lóò, tẹ́sìn, wàn, tú." Hẹ́ẹ́dìfóònù wà létí mi. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá rí máìkì, ohun tó máa ṣe nìyẹn, ilé ìwé wo ni wọ́n ti kọ́ wa ni n kò mọ̀.

Kí n má ṣe bú kọ́ńdẹ́nsà tán o. Bí àbúrò mi yìí bá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ohun kan wà tí fóònù kì í gbọ́, tí máìkì pásítọ̀ pàápàá kì í gbọ́ délẹ̀: bí apá ṣe ń dẹ ọsán tí ohùn ìlù ń yọ̀ bọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, àti ṣaworo tó ń dáhùn wínníwínní lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ńdẹ́nsà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lóru kan báyìí tí ọ̀pọ̀lọ́ sinmi, mo gbọ́ ìka rẹ̀ lára ọsán kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀. Mo sáré jí ìyàwó mi kó wá gbọ́. Ó gbọ́ ọ, ó ní ó dára, ó ní ṣé òun lè gba fóòmù òun padà báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi gba ìlù sílẹ̀, kí máìkì má kojú awọ ìlù tààrà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, tó ìwọ̀n apá kan sí onílù, kó máa wo ẹ̀gbẹ́ ìlù. Ti gìtá, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ihò, ohùn kùùkùù nìkan ni yóò gbà. Ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá ni kó kọjú sí, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá gé àlàfo yẹn sí ìdajì, ohùn gìtá á fi bí i dẹ̀síbẹ̀lì 6 ga sí i, tírélà tó wà ní títì ò ní ga. Ẹ lè wá yí fólúùmù wálẹ̀, kí agbèrò lọ jókòó.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló dà á rú. Ọ̀pọ̀ kọ́ńdẹ́nsà olówó pọ́ọ́kú ló wo orí Neumann U 87 ti 1967 ṣe tiwọn. Orí yẹn máa ń gbé ohùn tínrín ga ju bó ṣe yẹ lọ. Neumann mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ iná inú rẹ̀ bù ú kù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó ṣe mú orí, wọ́n fi iṣẹ́ inú sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti bọ́ sínú rẹ̀, etí á fẹ́ ya. Ti agogo tún burú: ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, iná pupa tàn, ohùn fọ́. Mo ní kí ọ̀rẹ́ wa sún sẹ́yìn. Ó sún. Mo ní kó tún sún. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú máa lù ú láti Odìgbò ni?" Nígbà tó yá ni mo yí orí máìkì sí ẹ̀gbẹ́, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò kojú rẹ̀ mọ́, ni ara etí tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń fi ìtàn tù mí nínú. Wọ́n ní Bàbá J. J. Ransome-Kuti kọrin sí àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, inú ìwo ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí ọdún 1925 ni iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ gbígba ohùn sílẹ̀ fún títà. Kò sí fólítì kankan, ohùn bàbá sì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n ní Paul McCartney fúnra rẹ̀ wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá ní 1973 láti gba Band on the Run sílẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀rọ olójú-ọ̀nà mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, inú páálí ni Geoff Emerick tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń ṣa máìkì, àwọn olè sì dá a lọ́nà, wọ́n gba téèpù orin rẹ̀ lọ. Àwo náà jáde lọ́dún yẹn, ó tà káríayé.

Kò tù mí nínú. McCartney padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ parí iṣẹ́ tirẹ̀. Èmi, Orè ni mò ń padà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "fólítì 48" gàdàgbà sí ara páálí ní èdè tí ẹni tó ń rà á gbọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á níhìn-ín, tàbí l'Ódìgbò, tàbí lójú títì ibòmíì, kó kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá tó fẹ́ lò, kó pa ẹnu mọ́, kó máa ka ohun tó bá ń gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni máìkì máa gbọ́, á tún fi díẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ìlù àti agogo ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó ra irú ti pásítọ̀, kó gbé e sún mọ́ ìlù dáadáa, kó fi owó tó kù ra bátìrì.

A parí orin náà ṣá. Mo gé, mo lẹ̀, mo yọ àkùkọ, mo yọ màmá oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n ibì kan wà lẹ́yìn ègbè kejì tí dùndún àti agbèrò ti lọ́ mọ́ra débi pé bí mo bá yọ ọ̀kan, èkejì á bá a lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: "Oǹdó ku ẹnìkan!" Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ orin yìí ló ní ibẹ̀ yẹn ló dùn jù. Wọ́n ń bi mí pé ta ló gbè é. Ẹ̀yin ará gárèèjì Orè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ẹ bá mọ bọ̀dá yẹn, ẹ má sọ fún un. Ó máa wá béèrè owó.